Wákàtí Méjì Méjì ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Wọ́n kó wọn fún mi lónìí. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ lẹ́tà, tí mo ń bẹ̀bẹ̀, tí mo ń jà, tí Ọ̀gá Pátápátá ilé ìwòsàn ń sọ fún mi pé "a máa wò ó." Ó jọ pé wọ́n ti wò ó tán, nítorí wọ́n kó ọmọ mẹ́fà wá bá mi láàárọ̀ yìí tàwọn ti bàtà funfun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní láti sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì àwọn àgbà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀, àwọn olùbẹ̀wò láti ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì máa wá wò wá. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́fà yìí di ti wọ́ọ̀dù mi, a ó sì máa kọ́ méjìlá mìíràn lọ́dọọdún. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kálukú á padà síbi tó ti wá, arúgbó mọ́kànlélọ́gbọ̀n á tún kù sọ́wọ́ èmi, Àbúrò àti ọmọbìnrin kan tó ń nulẹ̀.

Àbúrò sunkún ayọ̀. Mo ní kó yé ṣe bí ọmọdé. Igbákejì mi ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tá a ti jọ ń bá iṣẹ́ yìí yí. Kì í ṣe ìyá kan ló bí wa, àmọ́ àwọn ọmọ mi ń pè é ní Àǹtí, òun ló sì mú àbíkẹ́yìn mi lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo lẹ ìwé yíyí mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé ẹni tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì méjì la ó máa yí i: ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì. Ẹni tó bá yí i ló máa kọ aago síbẹ̀, tó sì máa fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Bí a bá gbàgbé, ara onítọ̀hún á máa jẹrà lójú ayé ẹ̀. Gbogbo wọn ní "Yẹs, mà." Ẹnu lásán nìyẹn. A ó rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ní kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún wákàtí méjì gbáko. Kò sí fóònù, kò sí ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mira, bí imú ń yún ẹ, kó máa yún ẹ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta nísàlẹ̀ ibùsùn. Àkàbà la ti sọ ọ́.

Kò tíì pé ogójì ìṣẹ́jú tí Ìyàwó Tuntun, èyí tó ṣègbéyàwó loṣù tó kọjá, fi ké pè mí: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìdí mi ń jó mi."

Mo ní, "Ìdí Ìyá Télọ̀ ti ń jó o láti ọdún tó kọjá, kò sì lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́." Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún ìyá náà, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí àkókò pé, Àkàbà dìde, ó ń tiro, ó lọ tààrà sídìí Bàbá Rélùwéè, ó sì yí i padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Mo kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi. Nọ́ọ̀sì kan ti jáde nínú mẹ́fà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti òwúrọ̀. Òrùlé ń jò létí fèrèsé kẹta, a gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ti tún gbówó lórí, mo ti kó èyí tó kù sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo sì tì í pa.

Ìyá Télọ̀ fi ọwọ́ òsì di ṣíbí mú! Ìdajì oúnjẹ náà ló dà sáyà, àmọ́ ìdajì tó kù wọnú ẹnu. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìyàwó Tuntun ló ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá ní kí n máa wá sípàdé ní ọ́fíìsì àgbà ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago méjìlá títí di márùn-ún, ká lè múra de àwọn olùbẹ̀wò. Òdìkejì ìlú ni. Mo ráhùn. Ta ló ń fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ torí ìpàdé?

Àbúrò ní, "Ẹ máa lọ, mà. Àbí ẹ rò pé mo máa pa wọ́n jẹ ni?"

Mo gbà. Bí mi ò bá lè fọkàn tán òun, ta ni mo fẹ́ fọkàn tán?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìpàdé. Odidi ọ̀sán la fi jiyàn lórí ọ̀dà tí a ó fi kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Bàbá Rélùwéè pè mí láàárọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi bá ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́, aago ni gbogbo ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí eegun ìbàdí rẹ̀ ti kán, kò lè yí ara rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, láti aago méjìlá àná di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí."

Mo wo ìwé rẹ̀. Aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ pé, ọwọ́ Àbúrò ló wà níbẹ̀. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín: "Hà, bàbá ti tún wọkọ̀ ojú irin lọ nìyẹn." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo kọ ọ́ sínú fáìlì bàbá pé orí rẹ̀ ti ń dàrú lọ́sàn-án. Dókítà fi oògùn tó ń múni sùn kún tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ó jókòó sórí àga. Àgbà náà ni, kí la fẹ́ ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ara bàbá ti pọ́n rokoso ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Nínú wọ́ọ̀dù mi! Mo kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, mo fi ọ̀rọ̀ nà wọ́n. Mo ní wọn ò nu bàbá gbẹ dáadáa, mo ní wọ́n fi aṣọ ibùsùn tó ká sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Àkàbà lanu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ni Àbúrò bá ní kó lọ bá òun gbé omi gbígbóná wá.

Oògùn yẹn ti jẹ́ kí bàbá máa sùn ṣáá. Kò béèrè aago mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ẹni tó bá rí ìwé yìí kó má bínú sí bí mo ṣe kọ ọ́.

Mò ń wá àwòrán àyà Ìyá Télọ̀ tí wọ́n yà lánàá kí n fi sínú fáìlì rẹ̀. Àwọn ará yàrá àwòrán ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó kúrò ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, orí àga onítáyà ni wọ́n fi ìyá náà sí tí wọ́n fi tún un ṣe. Mo lọ sídìí ibùsùn rẹ̀ láti kọ ọ́ sórí ìwé yíyí pé kò sí níbẹ̀ lákòókò yẹn.

Wọ́n ti kọ nǹkan síbẹ̀. Aago méjì: òsì. Aago mẹ́rin: ẹ̀yìn. Ọwọ́ Àbúrò ni méjèèjì, pẹ̀lú ìlà kékeré tó máa ń fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ta ni wọ́n yí? Ṣé ìrọ̀rí ni?

Mo jókòó sórí ibùsùn ìyá. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo wo ìwé gbogbo ibùsùn, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo bá wà ní wọ́ọ̀dù, ọwọ́ oríṣiríṣi ni, gègé oríṣiríṣi, aago méjì kọjá mẹ́ta, aago mẹ́rin ku márùn-ún. Ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gègé kan, ọwọ́ tó dà sápá kan náà, aago tó pé géérégé. Kí aago tó lù ló ti kọ ọ́. Nínú àwọn tó kẹ́yìn, ọwọ́ àwọn ọmọ náà ti wà nínú irọ́ náà. Ó ti kọ́ wọn.

Bàbá Rélùwéè ò wọkọ̀ kankan lọ. Èmi ni mo wọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo gbé báàgì mi bí ẹni ń lọ sípàdé. Mo dé ìdí géètì, mo bá olùṣọ́ jókòó. Ní aago méjì ààbọ̀ mo padà wọlé.

Arúgbó mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Àbúrò àti Ìyàwó Tuntun nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe fi Bàbá Rélùwéè sílẹ̀ ní aago mọ́kànlá ló ṣì wà. Àbúrò jókòó sídìí tábìlì mi, ó tẹ́ ìwé yíyí sílẹ̀ bí ẹni ń to káàdì, ó ń kọ aago mẹ́rin.

Mo ní, "Àwọn márùn-ún tó kù ńkọ́?"

Ó fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo ní àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ọ̀gá ti ń kó wọn lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ méjèèjì. Ó sọ fún Àbúrò pé bí kò bá gbà, òun á gba gbogbo wọn padà. Ìpàdé tí mò ń sáré lọ, torí kí n má baà sí ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀! Èmi arúgbó tí mò ń jiyàn lórí ọ̀dà!

Àbúrò ní, "Bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa jà. Ẹ mọ ara yín, mà. Bí ẹ bá sì jà, gbogbo ẹ̀ máa bọ́. Mo ní ká ṣáà dé ọjọ́ àwọn olùbẹ̀wò. Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é."

Nítorí mi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo fẹ́ gbá a létí, Ọlọ́run ló mú ọwọ́ mi. Mo bọ́ kóòtù mi, èmi àti Ìyàwó Tuntun yí gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Egbò bàbá ti ṣí. Ó gba ìka mi méjì.

Mo ní kí dókítà yọ oògùn yẹn kúrò. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá, mo ní kó forí jì mí. 

Ó ní, "Pé wọn ò yí mi, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ń pọ̀, mo mọ̀. Àmọ́ o kọ ọ́ síwèé pé orí mi dàrú. Ọmọ mi ò bá mi jiyàn mọ́ láti ìgbà náà. Gbogbo ohun tí mo bá ti sọ, ó ń dáhùn pé 'Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.'"



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá gbé àga fún mi fúnra rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Mètíróònù, ẹ fara balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kí wọ́n lọ, àwọn ọmọ náà di tiyín. Àwọn ìwé yẹn ṣáà pé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dìde kí n tó sọ ohun tí ẹnu àgbà ò gbọ́dọ̀ sọ.

Mo pe Àkàbà sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ! Ìwọ tí mo gbójú lé! O ò lè sọ fún mi?"

Omi lé sí i lójú. "Igbákejì yín ló ní ẹ mọ̀ sí i, mà."

"Mo mọ̀ sí kí ni?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká má sọ ọ́ lójú yín."

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àràárọ̀ ni mò ń dúró síwájú àwọn ọmọ yìí tí mò ń sọ pé kí wọ́n kọ òótọ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń wò mí bí òpùrọ́. Òkété, báyìí nìwà rẹ. Kó gba iṣẹ́ mi, kó gba wọ́ọ̀dù, ó ṣì lè tán nínú mi. Àmọ́ ojú tí àwọn ọmọ náà fi ń wò mí ló bà jẹ́.

Ọjọ́ Àìsí-ìpàdé-mọ́, Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá àwọn ọmọ ní kí n jẹun. Mo ní ebi ò pa mí. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, inú ilé laṣeni ń gbé, o ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ." Bí ẹni pé gbígbọ́ ọ ni ìrora.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo bá Àbúrò nínú yàrá aṣọ ibùsùn, ó ń ká aṣọ. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí lára mi. Mo ní, "Ọmọ mi ń pè ẹ́ ní Àǹtí. O bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mọ́kànlá tọrọ. O jẹ́ kí n pe àgbàlagbà ní wèrè. Ta ló kọ́ ẹ nírú ìwà yìí? Mo ní ta ló kọ́ ẹ?"

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ ni!"

"Ọdún ìyanṣẹ́lódì. Oṣù kejì mi nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ló wà, aláìsàn méjìdínlógójì. Ìwé ṣófo láti àárọ̀, ọ̀gá ìgbà yẹn sì ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ gbé gègé fún mi. Ẹ ní, 'Kọ ọ́, ọmọ. Ìwé tó ṣófo ló ń pa nọ́ọ̀sì.'"

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pè é ní oríṣiríṣi orúkọ. Mo jáde, mo fi ilẹ̀kùn lu férémù.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí. Mo ti jókòó láti aago mẹ́rin, kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Mo rántí bí ó ṣe di gègé náà mú. Mo rántí pé ó bi mí, "Ṣé kò burú, mà?" Mo tún rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é láyé mi, mo sì gbàgbé ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Òun ò gbàgbé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ nìyẹn.

Mo ṣì bínú sí i. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ ọ ní ohun mìíràn, èyí tó wù ú ló mú níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oòrùn mú gan-an. Olùbẹ̀wò méjì ló wá, ọkùnrin kan àti ìyá kan tó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, awò rẹ̀ so mọ́ ọrùn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe dáadáa. Ìyàwó Tuntun fún Ìyá Télọ̀ lóúnjẹ láìkán an lójú. Ìyá olùbẹ̀wò béèrè lọ́wọ́ Bàbá Rélùwéè pé aago mélòó ló lù, bàbá sì sọ ọ́ fún un láìwo ibì kankan, ìṣẹ́jú kan kò yẹ̀. Mo rí i tó ń kọ nǹkan, tó ń mi orí.

Lẹ́yìn náà a jókòó nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá, Àbúrò náà wà níbẹ̀. Mo gbé ìwé yíyí Ìyá Télọ̀ síwájú wọn, mo gbé àpòòwé yàrá àwòrán lé e.  Ìyá náà gbé awò sójú, ó ka èyí, ó ka tọ̀hún, ó tún ka èyí.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fọhùn. "Igbákejì nìkan ló ṣe èyí, mà. Mètíróònù ò mọ̀. A máa lé e lónìí." Kò tilẹ̀ wo Àbúrò. 

Ìyá olùbẹ̀wò yíjú sí mi. "Mètíróònù, ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù yẹn dára. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ṣe é, tí ẹni náà sì ti lọ, a ṣì lè fọwọ́ sí i. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kí n sọ. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà, méjìlá lọ́dọọdún, ẹni tó dà mí á sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Mo tiẹ̀ ti lanu.

Mo ní, "Rárá, mà. Ọ̀gá ló ń kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, òun ló sì ń fi ìpàdé lé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù. Igbákejì mi ló kọ irọ́ náà, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ."

"Òun, ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá náà bọ́ awò rẹ̀. Ọ̀gá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé mi mì. Àbúrò bú sẹ́kún, àmọ́ mi ò nawọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Lẹ́tà dé. Wọn ò fọwọ́ sí i. Ká tún gbìyànjú lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n ní kí Ọ̀gá wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé lọ́dọ̀ àwọn, ó sì ti fi ìbínú ìyẹn ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ náà ti padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìyàwó Tuntun fi ẹnu ko Ìyá Télọ̀ lórí kó tó lọ. Ta ni wọ́n ní kó di wọ́ọ̀dù mú? Àbúrò, kẹ̀! Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ní parọ́ sínú ìwé tèmi.

Mò ń kó ẹrù mi lọ́sàn-án nígbà tí Àkàbà wọlé. Ó ti bẹ Ọ̀gá pé kó fi òun sílẹ̀ níbí, kò sì sẹ́ni tó bá a du wọ́ọ̀dù arúgbó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí kó má baà gbá férémù.

"Mà, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Lóòótọ́ ni."

"Kí ló dé, mà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn ì bá ti fọwọ́ sí i. Gbogbo wa ì bá ṣì wà níbí."

Inú bí i, ó sì tọ́ kó bí i. Mo di okùn páálí mi tán kí n tó dá a lóhùn.

Mo ní, "Torí ìwọ náà máa kọ́ ẹlòmíì lọ́jọ́ kan."

 Ó ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo aago ọwọ́, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó ku ìṣẹ́jú méjì," ó sì sáré padà sínú wọ́ọ̀dù.